Sumie àti Ọkọ̀ Ìrọ̀lẹ́ Mikure

Ní erékùṣù Mikure, bí àlejò bá béèrè ilé Itozaki Sumie, wọn kì í júwe òpópónà fún un. Wọ́n á ní kó máa gba ẹ̀gbẹ́ ògiri òkúta gòkè, ibi tó bá ti gbọ́ ohùn obìnrin tó ń bá ẹnì kan wí, ibẹ̀ náà ni. Sumie kì í ṣe oníjà. Ohùn ni wọ́n dá mọ́ ọn, kò sì rí ìdí tó fi yẹ kí òun máa fi pamọ́.

Bàbá rẹ̀ ń pẹja ní apá ìlà-oòrùn erékùṣù náà. Ọ̀dọ́mọbìnrin ni nígbà tí wọ́n fi í fún ìdílé Itozaki, àwọn olóko ọsàn. Oko wọn dà gẹ̀rẹ́ sínú òkun débi pé òkúta ni wọ́n fi gbé e ní ìpele-ìpele kí òjò má baà gbé iyẹ̀pẹ̀ lọ. Ìyá ọkọ rẹ̀ kò yin iṣẹ́ rẹ̀ rí títí ó fi kú. Sumie kọ́ bí a ṣe ń gé igi tó kù ní ìdí ọsàn mọ́lẹ̀ kó má baà gún ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ nínú àpótí. Ó bí ọmọbìnrin méjì, àwọn méjèèjì ríṣẹ́ sí ìlú ńlá, wọ́n lọ́kọ síbẹ̀, wọn kò padà mọ́. Ọkọ rẹ̀, Genzo, kú lọ́dún tí ìjì fọ́ ògiri èbúté. Láti ìgbà náà, iṣẹ́ méjì ló kù fún un: ó ń dá oko ṣe, ó sì ń ṣe olórí ẹgbẹ́ obìnrin tí ń ti Kuramitsu Teiji lẹ́yìn.

Kuramitsu ni aṣojú àgbègbè wọn ní ilé aṣòfin. Ìgbà tó kọ́kọ́ wá tọrọ ìbò ní Mikure, kóòtù tó wọ̀ fẹ̀ jù ú lọ. Ó gun orí àpótí ọsàn kan ní èbúté, ó ń sọ̀rọ̀ lórí iye tí wọ́n ń ṣẹ́ dọ́là. Sumie ń kẹ́rù kọjá lọ, ó dúró.

"Ọmọ yìí, ta lò ń bá sọ̀rọ̀? Nínú gbogbo àwa tá a dúró yìí, ta ló ní dọ́là nílé?"

Àwọn ènìyàn rẹ́rìn-ín. Ọ̀dọ́mọkùnrin náà sọ̀ kalẹ̀, ó tẹrí ba fún un, ó ní kí wá ni kí òun sọ.

"Má sọ nǹkan kan. Wá mu tíì, kó o gbọ́ tẹnu wa."

Ó jókòó sí ilé ìdáná rẹ̀ títí ọkọ̀ tó kẹ́yìn fi ṣí. Inú ilé ẹ̀sìn àwọn ẹlẹ́sìn Búdà ló sùn mọ́jú. Ó fìdí rẹmi nínú ìbò náà, ó wọlé nínú èyí tó tẹ̀ lé e, kò sì jáwọ́ nínú tíì mímu. Ní gbogbo ọjọ́ Ẹtì ni yóò ti Tokyo wá, tí yóò máa lọ láti abúlé dé abúlé títí di ọjọ́ Ajé. Kò sí òkú kan tí wọ́n sin ní Mikure tí kò wá sun tùràrí fún. Nígbà tí wọ́n fẹ́ ti ilé ẹ̀kọ́ erékùṣù náà pa, ńṣe ló lọ jókòó sí yàrá àlejò mínísítà ètò ẹ̀kọ́, tó ń lọ, tó ń bọ̀, títí ọ̀rọ̀ rẹ̀ fi sú mínísítà. Ilé ẹ̀kọ́ náà wà di òní. Ohun tí àwọn ará Mikure mọ̀ sí iṣẹ́ aṣojú kò ju èyí lọ: ẹni tí yóò lọ jókòó sẹ́nu ọ̀nà àwọn alágbára nítorí tiwọn.

Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n wà tí ẹgbẹ́ òṣèlú Kuramitsu fi dà rú láàárín ara wọn. Olórí ìjọba ìgbà náà kọ̀wé fipò sílẹ̀, ẹgbẹ́ yan Kuramitsu rọ́pò rẹ̀, ó wá ku kí ilé aṣòfin dìbò. Lọ́jọ́ tí ilé dìbò, gbogbo Mikure péjọ sí gbọ̀ngàn ìlú níwájú tẹlifíṣọ̀n. Nígbà tí wọ́n ka orúkọ rẹ̀, tí ó dìde tó tẹrí ba sí ọ̀tún àti sí òsì, àwọn àgbà kan sunkún. Wọ́n ṣí ọtí ìrẹsì.

Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ló ń jẹ erékùṣù náà níyà nígbà náà. Owó ìrànwọ́ ìjọba ló ń gbé ọkọ̀ ojú omi tí ń ná Mikure. Iléeṣẹ́ ìjọba tó ń rí sí ètò ìrìnnà sì ti kéde pé àwọn máa dá owó náà dúró lórí àwọn ọ̀nà omi tí èrò wọn kò tó nǹkan. Bí wọ́n bá dá a dúró, ọkọ̀ ìrọ̀lẹ́ ni yóò kọ́kọ́ lọ. Ọkọ̀ ìrọ̀lẹ́ yìí ni Domoto Shohei ń wọ̀ bọ̀ láti ilé ìwòsàn ní òdìkejì omi. Kíndìnrín rẹ̀ ti kọṣẹ́. Ọjọ́ mẹ́ta láàárín ọ̀sẹ̀ ni wọ́n ń so ó mọ́ ẹ̀rọ tí ń bá a fọ ẹ̀jẹ̀, ilẹ̀ sì ti ń ṣú kí wọ́n tó tú u sílẹ̀. Láìsí ọkọ̀ náà, òun àti Kiyo ìyàwó rẹ̀ ní láti kó lọ sí òdìkejì, kí Kiyo sì fi ẹja tó ń sá létí òkun sílẹ̀. Iṣẹ́ mìíràn kò sí lọ́wọ́ rẹ̀.

Sumie àti Kiyo jọ dàgbà ni. Lọ́jọ́ tí wọ́n ń yọ̀ ní gbọ̀ngàn yìí, Sumie gba ẹ̀rọ gbohùngbohùn, bó tilẹ̀ jẹ́ pé kò nílò rẹ̀.

"Ẹ fọkàn yín balẹ̀. Ọkọ̀ ìrọ̀lẹ́ ò ní lọ síbì kankan. Ọmọ ẹni kì í ṣèdí bẹ̀bẹ̀rẹ̀ ká wá fi ìlẹ̀kẹ̀ sí tọmọ ẹlòmíì. Sensei ti di olórí ìjọba. Ta ló tún kù tó máa sọ pé rárá fún un?"

Sensei ni wọ́n ń pe gbogbo aṣòfin níbẹ̀, bí a ṣe ń pe olùkọ́. Wọ́n pàtẹ́wọ́ fún un. Kiyo dúró kí ariwo rọlẹ̀.

"Ṣó o ti bi í?"

"Kí ni mo fẹ́ bi í? Ẹni tó jókòó sẹ́nu ọ̀nà ọ̀gá fún wa nígbà tí kò lágbára, ṣé òun náà ló máa gbàgbé wa nígbà tóun gan-an dọ̀gá?"

"Mo kàn ń béèrè ni. Shohei ló ní kí n bi ọ́ bóyá kóun bẹ̀rẹ̀ sí í di ẹrù."

"Sọ fún un kó lọ sùn."

"Ó ti sùn. Tí wọ́n bá ti fọ ẹ̀jẹ̀ ẹ̀ tán, bí igi gẹdú ló ṣe ń sùn. Èmi ni mi ò sùn."

Kuramitsu kò wá lọ́jọ́ Ẹtì tó tẹ̀ lé e. Kò wá ní èyí tó tẹ̀ lé ìyẹn. Oguri, ọkùnrin tó ń bójú tó ọ́fíìsì rẹ̀ ní ìlú òdìkejì, ló ń wá sun tùràrí ní ipò rẹ̀ níbi òkú. Ó ń tẹrí ba dáadáa, ṣùgbọ́n kì í mu tíì tán.

Nígbà tí ìgbà ìrúwé dé, Oguri kó àwọn alátìlẹ́yìn lọ sí Tokyo láti wo ilé aṣòfin, gẹ́gẹ́ bí ìṣe ọdọọdún. Sumie àti Kiyo jókòó pọ̀ nínú ọkọ̀ ojú irin. Sumie ti pinnu lọ́kàn rẹ̀ pé òun yóò rí Kuramitsu lójúkojú, òun yóò gba ọ̀rọ̀ ọkọ̀ náà lẹ́nu rẹ̀, òun yóò sì gbé e délé.

Àwọn ẹ̀ṣọ́ gba kóòtù àti àpò lọ́wọ́ wọn. Wọ́n kìlọ̀ pé kí ẹnikẹ́ni má pàtẹ́wọ́, kí ẹnikẹ́ni má sì sọ̀rọ̀. Òkè ni wọ́n jókòó sí, tí wọ́n ń wo orí àwọn aṣòfin nísàlẹ̀. Ọjọ́ ìbéèrè ni. Ẹni tó dìde láti bi olórí ìjọba léèrè kì í ṣe àjèjì sí wọn: Minagawa Chizuru, aṣojú ẹgbẹ́ alátakò, tó bá Kuramitsu du àga ní àgbègbè wọn lẹ́ẹ̀mejì, tó sì fìdí rẹmi lẹ́ẹ̀mejì. Òfin ìbò wọn fàyè gba ẹgbẹ́ láti fa irú ẹni bẹ́ẹ̀ wọlé lórí iye ìbò tí ẹgbẹ́ ní. Nítorí náà, ní Mikure, "Akújí" ni wọ́n ń pè é.

"Akújí rèé o," ni Kiyo sọ jẹ́jẹ́.

Ẹ̀ṣọ́ wò ó. Ó panu mọ́.

Minagawa béèrè ọ̀rọ̀ owó orí, ó béèrè ọ̀rọ̀ àwọn ọmọ ogun. Lẹ́yìn náà ó ṣí ìwé tó kẹ́yìn.

"A gbọ́ pé ọ̀kan nínú àwọn ọ̀nà omi tí ìjọba fẹ́ dá owó ìrànwọ́ wọn dúró wà ní àgbègbè olórí ìjọba fúnra rẹ̀. Ǹjẹ́ olórí ìjọba lè fi dá ilé yìí lójú pé òun kò ní ti ọwọ́ bọ ọ̀ràn náà?"

Àwọn alátakò pariwo. Ọ̀kan ní kó sọ tòótọ́. Kuramitsu dìde, ó rìn lọ síbi tí wọ́n ti ń sọ̀rọ̀, ó tẹrí ba.

"Ọ̀nà omi tó wà ní àgbègbè mi kò yàtọ̀ sí ti àgbègbè mìíràn. Mo ti sọ fún mínísítà ètò ìrìnnà pé kó má ṣe fi ọ̀ràn náà lọ̀ mí. Ìlànà kan náà ni yóò ká gbogbo wọn."

Ó padà lọ jókòó. Àwọn ará ẹgbẹ́ rẹ̀ pàtẹ́wọ́ fún un. Lókè, Kiyo kò wo Sumie. Ọwọ́ ara rẹ̀ ló ń wò.

Wọ́n ya fọ́tò pẹ̀lú Kuramitsu lórí àtẹ̀gùn ilé náà. Àwọn amúgbálẹ́gbẹ̀ẹ́ ń wo aago. Nígbà tí àwọn tó kù ń bọ́ sílẹ̀, Sumie kò kúrò níwájú rẹ̀. Ọkùnrin náà ti rù sí i.

"Sensei, ṣé ẹ mọ̀ pé Kiyo wà lókè nígbà tẹ́ ẹ sọ ọ̀rọ̀ yẹn?"

"Mo rí yín, Màmá. Mo rí yín kí n tó dìde."

"Nígbà ọ̀rọ̀ ilé ìwé, ẹ̀yin lẹ lọ jókòó sẹ́nu ọ̀nà mínísítà."

"Ìgbà yẹn, ọ̀kan lára èrò ni mí. Ẹnu ọ̀nà ta ni mo tún fẹ́ lọ jókòó sí báyìí? Gbogbo mínísítà ló wà lábẹ́ mi. Tí mo bá húkọ́ lásán, wọ́n á ní olórí ìjọba ti pàṣẹ. Wọ́n á fi ọ̀nà Mikure sílẹ̀, wọ́n á gé tàwọn tó kù, gbogbo ilé á sì bi mí ìdí tó fi rí bẹ́ẹ̀."

"Kí wá ni ipò tá a gbé fún yín yìí wúlò fún?"

Kuramitsu rẹ́rìn-ín díẹ̀, ó rẹ̀ ẹ́.

"Àga kan lẹ gbé fún mi, Màmá, àga aṣojú. Àwọn tó wà nínú ilé yẹn ló gbé èyí fún mi. Tí wọ́n bá jí lọ́la tí wọ́n ní àwọn ò fẹ́ mọ́, ó parí. Títí dìgbà yẹn, mo gbọ́dọ̀ máa dìde kí n máa dá wọn lóhùn ohun tí wọ́n bá bi mí. Àgbègbè mi ni wọ́n bi mí, àgbègbè mi ni mo dáhùn."

Amúgbálẹ́gbẹ̀ẹ́ kan fọwọ́ kan apá rẹ̀. Ó tẹrí ba fún Sumie, ìtẹríba jíjìn tí kì í ṣe ti olórí ìjọba, ó sì wọlé lọ.

Nínú ọkọ̀ ojú irin, Kiyo la àpótí oúnjẹ rẹ̀, ó jẹ ẹyin, ó jẹ ìrẹsì, ó pa á dé.

"O ní kò sẹ́ni tó máa sọ pé rárá fún un," ni ó wí. "Òun fúnra ẹ̀ ló sọ fúnra ẹ̀."

"Má bá mi sọ ọ́, Kiyo."

"Ta ni kí n bá sọ ọ́? Shohei? Òun ní tiẹ̀ ti ní kí n bá òun ra bàtà tuntun torí ìlú ńlá tá à ń lọ."

Ọ̀rọ̀ ìkẹyìn Kuramitsu ló ń yí lọ́kàn Sumie: ohun tí wọ́n bi í ló dáhùn. Bóyá ọkùnrin náà ń ṣí ọ̀nà fún un ni, bóyá àárẹ̀ ló ń sọ̀rọ̀, Sumie kò mọ̀ lọ́jọ́ náà, kò sì mọ̀ títí di òní. Ṣùgbọ́n nígbà tí ọkọ̀ fi gúnlẹ̀, ó ti mọ ibi tí òun yóò gbé ẹsẹ̀ sí. Wọn kò tíì bi Kuramitsu nípa àwọn aláìsàn. Bí ẹnì kan bá bi í nípa gbogbo aláìsàn ní gbogbo erékùṣù, kò ní lè sọ pé àgbègbè òun ni. Yóò ní láti dáhùn, ohun tó bá sì sọ níwájú ilé ni gbogbo mínísítà yóò máa tẹ̀ lé.

Ó kọ́kọ́ lọ bá Oguri ní ọ́fíìsì rẹ̀.

"Ṣé ẹnì kan nínú ẹgbẹ́ wa ò lè bi í ni?"

"Màmá, tí ará ẹgbẹ́ wa bá bi í, wọ́n á ní Sensei ló rán an níṣẹ́. Ta ló fẹ́ fi orí ara ẹ̀ fọ́ àgbọn? Ẹ ṣáà sọ fún wọn nílé pé wọ́n ń gbé e yẹ̀ wò."

"Ta ló ń gbé e yẹ̀ wò?"

"Kò sẹ́nì kankan. Ọ̀rọ̀ ni, Màmá. Kì í pa ẹnikẹ́ni lára."

"Ó máa pa Shohei lára."

Oguri tún tíì rẹ̀ bù, kò mu ún. Sumie jáde, ó kọjá ilé ìfìwéránṣẹ́, ó kọjá ṣọ́ọ̀bù ẹni tó ń ta ẹ̀wà sóyà dídì. Ẹnu ọ̀nà tí àwòrán Minagawa wà lára rẹ̀ ló yà sí. Ẹlẹ́wà náà ń gbálẹ̀ níta. Ó dáwọ́ ìgbálẹ̀ dúró. Sumie rí i pé ó dúró, ó sì wọlé bẹ́ẹ̀. Ẹni tó bá dákẹ́, tara rẹ̀ a bá a dákẹ́. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá sọ̀rọ̀ níbi tí wọn kò fẹ́ kó ti sọ̀rọ̀, òun náà mọ ohun tí yóò ná òun.

Minagawa wà ní ọ́fíìsì rẹ̀ lọ́jọ́ náà. Obìnrin kúkúrú ni, olùkọ́ ìṣirò ni kó tó di òṣèlú. Ó bọ́ awò ojú rẹ̀ nígbà tó mọ ẹni tó wọlé.

"Màmá Mikure. Ta ló rán yín?"

"Ta ló máa rán mi? Ṣé mo jọ ẹni tí wọ́n ń rán níṣẹ́?"

"Rárá. Ẹ jọ ẹni tó sọ pé mo dà bí ẹja tí wọ́n gbàgbé sórí òkúta."

"Wọ́n sọ fún yín."

"Wọ́n sọ fún mi lọ́jọ́ náà gan-an."

"Wọn ò sọ ọ́ tán. Mo ní irú ẹja bẹ́ẹ̀ kì í tètè bàjẹ́."

Minagawa fa àga fún un. Sumie ro ọ̀rọ̀ Shohei fún un láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, kò fi ọ̀rọ̀ tí òun sọ ní gbọ̀ngàn pa mọ́. Obìnrin náà ń kọ ọ́ sílẹ̀. Ojú rẹ̀ ń tàn sí i bó ṣe ń kọ.

"Èyí dára. Mo máa bi í ìdí tó fi pa àwọn ará ilé ẹ̀ tì. Èèyàn tí ò lè gbé aládùúgbò ẹ̀ kan, ṣé òun ló máa gbé orílẹ̀-èdè?"

"Tẹ́ ẹ bá bi í báyẹn, ohun tó sọ níjọ́sí náà ló máa tún sọ. Ẹ má dárúkọ Mikure rárá."

"Kí n má dárúkọ Mikure?"

"Ẹ má dárúkọ ẹ̀. Ẹ má dárúkọ Shohei. Ẹ béèrè gbogbo erékùṣù tó ní aláìsàn tó gbọ́dọ̀ wọ ọkọ̀ ìrọ̀lẹ́ padà sílé."

"Ìyẹn ò ní gún un."

"Kì í ṣe kó gún un ni mo bá wá."

"Èmi ńkọ́? Kí ni màá rí níbẹ̀? Ìdáhùn kì í fún èèyàn níbò, Màmá. Kéèyàn gún olórí ìjọba ló ń fún èèyàn níbò."

"Àwọn tó ń fọ ẹ̀jẹ̀ ní gbogbo erékùṣù yẹn, àtàwọn ìyàwó wọn, gbogbo wọn ló ń dìbò. Mo ń báwọn obìnrin kó ìbò jọ láti ìgbà tẹ́ ẹ wà nílé ìwé. Mi ò wá kọ́ yín níṣẹ́ yín. Ohun tí mo mọ̀ nìkan ni mo ń sọ."

Minagawa tún awò rẹ̀ wọ̀. Kò ṣèlérí. Ó ní òun yóò rò ó.

Ó rò ó títí tí àkókò òjò fi bẹ̀rẹ̀. Ní ọjọ́ tí ìgbìmọ̀ ìṣúná ilé aṣòfin jókòó, Kiyo wá bá Sumie nílé, àwọn méjèèjì jókòó síwájú tẹlifíṣọ̀n. Wọn kò fi bẹ́ẹ̀ bára wọn sọ̀rọ̀ láti ìgbà tí wọ́n ti Tokyo dé. Minagawa kò mẹ́nu kan Mikure. Ó ka iye erékùṣù tí ọ̀rọ̀ náà kàn, ó ka àwọn tí wọ́n wà ní àríwá níbi tí yìnyín ti ń bọ́, àti àwọn tí wọ́n wà ní gúúsù pátápátá. Ó béèrè ibi tí ìjọba fẹ́ kí àwọn aláìsàn wọ̀nyí sùn.

Wọ́n ti kọ ìdáhùn sílẹ̀ fún Kuramitsu. Ó mú ìwé náà dání, ó wò ó, ó sì gbé e sórí tábìlì.

"N kò gbọdọ̀ yọ erékùṣù kan sọ́tọ̀, n kò sì ní yọ ọ̀kan sọ́tọ̀. Ṣùgbọ́n ìjọba tó ní kí ènìyàn máa lọ gba ìtọ́jú kò lè tún gba ọ̀nà ilé mọ́ ọn lọ́wọ́. Mínísítà ètò ìrìnnà àti mínísítà ètò ìlera yóò jókòó pọ̀, wọn yóò sì mú ìlànà kan wá tí yóò ká gbogbo erékùṣù, kí ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn tó parí."

Lẹ́yìn rẹ̀, mínísítà ètò ìrìnnà yára gbé orí sókè. Ó hàn pé òun náà ṣẹ̀ṣẹ̀ ń gbọ́ ni.

"Ṣé ó ti gbà nìyẹn?" ni Kiyo béèrè.

"Kò tíì gbà. Ó ní kí wọ́n jókòó."

"Ìjókòó wọn máa ń pẹ́."

"Ó dá ìgbà fún wọn níwájú ilé. Tí wọn ò bá ṣe é, òun ni wọ́n máa bi, kì í ṣe àwọn."

Kiyo fa ẹsẹ̀ rẹ̀ jáde lábẹ́ tábìlì kékeré náà. "Ìwọ lo lọ bá Akújí," ni ó wí. "Ẹlẹ́wà ti sọ ọ́ káàkiri. Mo ní irọ́ ni."

"Kì í ṣe irọ́."

"Mo ti rí i báyìí."

Oguri wá lọ́sẹ̀ tó tẹ̀ lé e. Ó bọ́ bàtà rẹ̀, ó jókòó, ó mu tíì rẹ̀ tán fún ìgbà àkọ́kọ́. Ó ní ẹgbẹ́ kò bínú, ṣùgbọ́n àwọn obìnrin kan ní àwọn kò lè tẹ̀ lé ẹni tó gba ẹnu ọ̀nà alátakò wọlé lọ́sàn-án gangan. Sumie bi í bóyá Sensei mọ̀. Oguri ní Sensei mọ̀, kò sì sọ nǹkan kan. Sumie wọ yàrá lọ, ó gbé jákẹ́ẹ̀tì aláwọ̀ ewé tí àwọn obìnrin ẹgbẹ́ ń wọ̀ nígbà ìbò jáde. Ó ti fọ̀ ọ́, ó ti ká a.

"Màmá, kò yẹ kó kánjú tó báyìí."

"Mú un lọ. Ẹni tó máa wọ̀ ọ́ tẹ́ẹ́rẹ́ jù mí lọ, ẹ sọ fún un kó rán ẹ̀gbẹ́ ẹ̀ wọlé."

Ìlànà náà jáde nígbà tí ẹ̀ẹ̀rùn ń parí. Erékùṣù tí kò ní aláìsàn tí ń fọ ẹ̀jẹ̀ pàdánù ọkọ̀ ìrọ̀lẹ́ wọn pátápátá. Àwọn tó ní i, ọkọ̀ yóò máa ná ibẹ̀ ní àwọn ọjọ́ ìtọ́jú nìkan. Ní Mikure, ìyẹn jẹ́ ọjọ́ Ìṣẹ́gun, Ọjọ́bọ̀ àti Àbámẹ́ta. Àwọn tí ọmọ wọn ń lọ sí ilé ẹ̀kọ́ gíga ní òdìkejì kò dúpẹ́ lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Ìyá ọmọ kan dúró níwájú oko Sumie, ó ní tí Sumie kò bá ti ọwọ́ bọ̀ ọ́, bóyá Sensei ì bá ti rí ọ̀nà kan gbà lábẹ́lẹ̀ kí gbogbo rẹ̀ lè wà. Sumie ní ó ṣeé ṣe. Ó ń bá iṣẹ́ rẹ̀ lọ. Nígbà tí ọdún tuntun dé, káàdì Kuramitsu wá gẹ́gẹ́ bí ìṣe, ṣùgbọ́n kò sí ìlà kan tó fi ọwọ́ ara rẹ̀ kọ sí i.

Kiyo kò kó lọ. Ọjọ́ Àbámẹ́ta kan nínú oṣù òtútù, ó ní kí Sumie bá òun gbé àga dé èbúté, nítorí ẹsẹ̀ Shohei kò gbé e dáadáa mọ́ lẹ́yìn ìtọ́jú, ó sì ń fẹ́ jókòó díẹ̀ kó tó gòkè. Wọ́n gbé àga náà síbi tí ògiri ti dínà afẹ́fẹ́. Ọkọ̀ dé. Èrò mẹ́rin ló bọ́ sílẹ̀, Shohei ló kẹ́yìn, ó fi aṣọ wé ọrùn títí dé etí.

"Jókòó," ni Kiyo wí. "Sumie rèé. O ní o máa dúpẹ́ lọ́wọ́ ẹ̀, mo ní kó o fẹnu ara ẹ dúpẹ́."

Shohei jókòó, ó mí. Ó wo Sumie.

"Ẹ ṣeun. Òtútù inú ọkọ̀ yẹn pọ̀ jù. Ṣé olórí ìjọba ò lè bá wa ṣe nǹkan kan sí i ni?"

"Lọ bá Akújí," ni Sumie wí. "Àmọ́ má dárúkọ ara ẹ."

Kiyo ló kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín. Lẹ́yìn náà àwọn obìnrin náà di Shohei mú lápá méjèèjì, ẹnì kan ní ọ̀tún, ẹnì kan ní òsì, wọ́n sì bẹ̀rẹ̀ sí í gòkè.